Ìlú Kì í Ṣe Ògiri Nìkan: Arábìnrin Tí Ó Fẹ́ Tún Ìlú Homs Kọ́



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ìlú kan tí ogun wó, àti ọmọ ìlú náà kan, obìnrin, Mùsùlùmí, ayàwòrán-ilé, tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá ọ̀nà tí ìlú náà yóò fi tún dìde. Homs ni orúkọ ìlú náà, ní ilẹ̀ Síríà tí àwọn àlùfáà wa àtijọ́ ń pè ní ilẹ̀ Ṣáámù. Orúkọ obìnrin náà ni Marwa al-Sabouni. Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí pé ohun tí ó rí nínú ìparun ìlú rẹ̀ tó ohun tí ẹni tí ń kọ́lé, ẹni tí ń ra ilẹ̀ àti ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà yẹ kí ó mọ̀. Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Arábìnrin yìí ń sọ fún wa pé ilé náà a máa wo àwa pẹ̀lú, a sì máa sọ wá di irú ènìyàn kan.

ÌLÚ KHALID

Homs ni ìlú kẹta tí ó tóbi jù ní Síríà, lẹ́yìn Dàmásíkù àti Alẹ́pò. Ó wà lẹ́bàá odò tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Asi, ní oríta tí ọ̀nà àríwá àti gúúsù ti pàdé ọ̀nà tí ó ti etíkun wá sí aṣálẹ̀. Ibi tí ọ̀nà bá sì ti pàdé ni ọjà ń gbé. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2004, àwọn tí ń gbé inú ìlú náà lé ní 600,000.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn àwọn Sàhábà mọ Khalid ọmọ Walid, jagunjagun tí Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, fún ní orúkọ Idà Ọlọ́run. Homs ni ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ pé ó kú sí ní ọdún 642, sàréè rẹ̀ sì wà nínú mọ́ṣáláṣí ńlá tí a fi orúkọ rẹ̀ pè níbẹ̀. Ẹni tí ó jagun káàkiri báyìí, orí ibùsùn ni ó kú sí.

Àwọn òpìtàn ìgbàanì tún kọ ọ́ pé nígbà tí àwọn Mùsùlùmí gba ìlú yìí, apá kan ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú ni wọ́n gbà fún ìrun kíkí, apá yòókù sì wà lọ́wọ́ àwọn Kristẹni. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé. Òkúta dúdú ni wọ́n fi kọ́ ilé ìlú àtijọ́ náà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Síríà fi ń pe Homs ní Ìyá Òkúta Dúdú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ilé àtijọ́ wọn ti rí, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú agbo-ilé ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Láti ìta, ògiri lásán ni ènìyàn yóò rí. Bí a bá wọlé, àgbàlá ni a ó bá láàárín, bí àkọ́dì àwọn baba wa, tí yàrá yí i ká, tí igi eléso àti omi sì wà nínú rẹ̀. Ọlọ́rọ̀ àti tálákà lè gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí pé ògiri ìta kì í sọ fún ẹni tí ń kọjá pé onílé yìí lówó ju onílé kejì lọ. Ọ̀nà tóóró ni ó wà láàárín ilé sí ilé. Níbòmíràn, yàrá òkè a gba orí ọ̀nà kọjá bí afárá láti ilé kan dé èkejì, òjìji rẹ̀ a sì máa bo ẹni tí ń rìn nísàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Wọ́n a gbé ìjókòó àti omi mímu sí ojú ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá. Mọ́ṣáláṣí wà níhìn-ín, ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà sí i, ọjà sì wà láàárín wọn.

TA NI MARWA?

Ní ọdún 1981 ni wọ́n bí Marwa ní Homs. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, ó sì kàwé dé ipò ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ilé kíkọ́ ti ilẹ̀ Ìsìláàmù. Ayàwòrán-ilé ni ọkọ rẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì ní ọ́fíìsì kékeré kan ní àárín ìlú àtijọ́, wọ́n sì dá ojú ewé kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń gbé ìròyìn iṣẹ́ ilé kíkọ́ jáde ní èdè Lárúbáwá, kí ẹni tí kò gbọ́ èdè òyìnbó má baà ṣe aláìmọ̀ nínú iṣẹ́ ara rẹ̀. Èyí wù mí púpọ̀. Ìmọ̀ tí a kò bá lè fi èdè ìyá ẹni sọ, àlejò ni yóò máa jẹ́ nínú ilé.

Iṣẹ́ kò rọrùn fún wọn. Marwa kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí owó ẹ̀yìn ti wọ ọ́fíìsì ìjọba, tí ẹni tí ó mọ ènìyàn ń rí iṣẹ́ gbà ju ẹni tí ó mọṣẹ́ lọ, tí ilé tí wọ́n ń kọ́ sì jẹ́ àfarawé ti ilẹ̀ òkèèrè, tí kò bá oòrùn ilẹ̀ náà mu, tí kò sì bá ìṣe àwọn ènìyàn rẹ̀ mu.

OGUN DÉ

Ní oṣù Mááṣì ọdún 2011, àwọn ará Síríà bẹ̀rẹ̀ sí jáde sí ìgboro láti sọ pé ara ń ni àwọn lábẹ́ ìjọba Assad. Homs kò gbẹ́yìn. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀ ni kí wọ́n yọ gómìnà wọn. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Gómìnà yìí ní ètò kan tí ó sọ ní Àlá Homs, èyí tí yóò wó ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní àárín ìlú láti fi kọ́ ilé gogoro. Ẹni tí ó ti ń tajà lójú kan láti ayé bàbá rẹ̀, wọ́n ní kí ó kó àtẹ rẹ̀ nílẹ̀ kí àlá ẹlòmíràn lè ṣẹ. Ní oṣù Épírì ọdún náà ni ìjọba yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìwọ́de di ìbọn, ìbọn di ogun. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2012, àwọn ọmọ ogun ìjọba rọ̀jò àgbá lé àdúgbò Baba Amr, wọ́n sì wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Mááṣì. Wọ́n dó ti ìlú àtijọ́ títí oúnjẹ fi tán níbẹ̀. Oṣù Méè ọdún 2014 ni àwọn ajàjàgbara tí ó ṣẹ́kù jáde pẹ̀lú àdéhùn. Àdúgbò al-Waer ni ó gbẹ́yìn, ní ọdún 2017. Mọ́ṣáláṣí Khalid pàápàá kò yè é: ní ọdún 2013, nígbà tí ìjà gbóná ní àdúgbò rẹ̀, àgbá bà á jẹ́, ó sì ba sàréè inú rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó tún mọ́ṣáláṣí náà ṣe. Marwa sọ pé ju ìdajì ìlú lọ ni ó di àlàpà.

Nígbà tí ogun yìí bẹ̀rẹ̀, Marwa kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì ní ọmọ kékeré méjì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kàwé bíi tirẹ̀ di ẹrù wọn. Èmi kò bú wọn. Ẹni tí àgbá ń bọ́ sórí òrùlé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sá, Ànábì wa pàápàá ṣe Híjírà. Ṣùgbọ́n Marwa àti ọkọ rẹ̀ pinnu láti dúró. Wọ́n há mọ́ inú ilé fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ogun onírin lójú pópó. Ọ́fíìsì wọn ní ìlú àtijọ́ bá ogun lọ. Nínú ilé tí ó há mọ́ yìí ni ó ti ń ronú, tí ó sì ń kọ̀wé.

BÍ ÒGIRI KÒ BÁ LANU

Ìbéèrè tí ó ń bi ara rẹ̀ ni èyí: báwo ni àwọn tí ó ti jọ gbé fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀ ṣe wá ń yìnbọn sí ara wọn láti àdúgbò sí àdúgbò? Àwọn kan ní ìsìn ni ó fà á. Àwọn mìíràn ní ìjọba ni, ìyà ni, àìríṣẹ́ṣe ni, ọwọ́ àwọn ilẹ̀ òkèèrè ni. Marwa kò jiyàn pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kò sí. Ó kàn fi ohun kan kún un tí ojú ayàwòrán-ilé rí: ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ ìlú náà dó láyé òde òní ti ya àwọn ènìyàn náà nípá kí ìbọn àkọ́kọ́ tó dún.

Àwọn Faransé ni ó ṣàkóso Síríà láti ọdún 1920 títí di 1946. Wọ́n mú ètò ìlú tiwọn wá. Wọ́n ṣí ọ̀nà gbọọrọ, wọ́n sì ń pín ìlú sí wẹ́wẹ́: ibi ilé lọ́tọ̀, ibi ọjà lọ́tọ̀, ìlú tuntun lọ́tọ̀, ìlú àtijọ́ lọ́tọ̀ bí ohun tí ayé ti kọjá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn tí ó gba ìjọba kò yí ètò náà padà. Ní ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ ìfọpo ṣí ní Homs, iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn ará oko rọ́ wá sí ìlú láti wá iṣẹ́. Kò sí àyè fún wọn nínú ìlú àtijọ́, kò sì sí ẹni tí ó ṣètò ibi tí wọn yóò gbé pẹ̀lú àwọn onílé. Nítorí náà, kálukú lọ bá ẹni tirẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí Sunni ṣù mọ́ra ní ibi bíi Baba Amr, àwọn Alawi ṣù mọ́ra ní Zahra, ọ̀pọ̀ Kristẹni sì wà ní Hamidiya. Ọmọ a dàgbà di géńdé láìjẹun nínú ilé ẹlòmíràn rí. Ohun tí ó mọ̀ nípa àdúgbò kejì, ohun tí wọ́n sọ fún un ni.

Àwọn baba wa ti fi òwe kan ṣoṣo sọ gbogbo èyí: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ìjọba tí ń ni ènìyàn lára ni aláǹgbá, àwọn tí ń kó ìbọn wọ ìlú ni aláǹgbá, àwọn oníwàásù tí ń fi ọ̀rọ̀ ìsìn dá ìkórìíra sílẹ̀ ni aláǹgbá. Ṣùgbọ́n ògiri ti lanu tipẹ́. Ìlú tí a tẹ̀ dó kí ẹnì kan má ṣe mọ ẹnì kejì ni ẹnu náà.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé, "Àlùfáà, ilé kì í jà, ènìyàn ní ń jà." Òótọ́ ni. Ìlú àtijọ́ pàápàá ní ìjà tirẹ̀, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà yín fún mi. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tí àtẹ rẹ̀ kan tìrẹ, ẹ lè má kí ara yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, oníbàárà yóò fún ọ ní owó ńlá, o kò ní ṣẹ́ńjì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni o ó sì yà sí. Òun náà yóò fẹ́ lọ kírun tàbí lọ wo ọmọ nílé, ìwọ ni yóò ní kí o bá òun wo ọjà. Ìjà tí ó ní ibi tí yóò ti parí ni ìjà àwọn tí ó jọ ń ná ọjà kan. Bí àtẹ rẹ̀ bá wà ní ìlà kan, tí tirẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, kí ni yóò mú yín pàdé tí ẹ ó fi parí rẹ̀?

Nítorí náà ni Marwa fi gbé ọ̀rọ̀ ọjà ga nínú ohun tí ó kọ. Ní ọjà àtijọ́, Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ ń tajà lójú kan, ìwà tí ènìyàn ń hù sí aládùúgbò rẹ̀ sì ni ó ń sọ ọ́ di ẹni tí a lè fún ní ọjà àwìn. Bí wọ́n bá wó irú ibi bẹ́ẹ̀, wọ́n ti wó ilé ẹ̀kọ́ tí ìlú ti ń kọ́ bí a ṣe ń bá ara ẹni gbé.

ÀWÒRÁN TÍ Ó YÀ

Marwa kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ní ọdún 2014, àjọ ilé gbígbé ti Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé pe àwọn ayàwòrán-ilé sí ìdíje lórí ilé tí ó lè gba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Marwa mú àdúgbò Baba Amr, tí ogun ti sọ di òkìtì, ó ya bí wọ́n ṣe lè tún un kọ́. Òun ni ó gba ipò kìíní ní Síríà.

Ìjọba ìgbà náà ní ètò tirẹ̀ fún Baba Amr: ilé gogoro tí a tò ní ìlà, tí ó jọ ara wọn, tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Marwa ta ko irú ètò bẹ́ẹ̀. Nínú àwòrán tirẹ̀, ilé hù bí igi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, ó ń yọ ẹ̀ka, ó ń gba orí ọ̀nà kọjá bí yàrá afárá ìlú àtijọ́, a sì lè máa fi kún un bí ìdílé ti ń pọ̀ sí i. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àgbàlá tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àti ibi iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú àdúgbò kan náà pẹ̀lú ilé gbígbé, kí káfíńtà má baà nílò láti wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kí ọmọ sì máa rí baba rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, ibi eré ọmọdé wà, igi àti òjìji wà.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ dá ayé padà sẹ́yìn. Kò sọ pé kí wọ́n fi òkúta dúdú kọ́ gbogbo ilé, kò sì sọ pé kí àwọn ènìyàn padà sí kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́. Ọgbọ́n inú ilé àtijọ́ ni ó fẹ́ mú, kí ó fi wọ ilé tuntun ní ẹ̀wù. Àwòrán náà wà lórí ìwé títí di ìgbà tí ó ń sọ nípa rẹ̀ fún ayé. Ní ọdún 2016 ni ìwé rẹ̀ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a lè pè ní Ìjà Nítorí Ilé ní èdè wa, pẹ̀lú àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Prince Claus ti ilẹ̀ Họ́lándì ní ọdún 2018. Ìwé mìíràn tẹ̀ lé e ní ọdún 2021. Obìnrin tí ogun há mọ́ ilé ni gbogbo ayé wá ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

ILÉ ỌBA TÓ JÓ

Àwa a máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó fi pamọ́ sínú: ẹwà náà ń bù sí i nítorí pé ọba yẹn kan náà ni yóò padà wọ̀ ọ́. Bí ilé tálákà bá jó, tí ẹlòmíràn wá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ilẹ̀ náà ńkọ́? Ẹwà ti bù sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò bù sí tálákà.

Ibi yìí ni ewu wà fún àwọn ará Homs. Ní oṣù Épírì ọdún 2018, ìjọba Assad ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Òfin Kẹwàá. Ó fún ìjọba ní agbára láti ya àdúgbò sọ́tọ̀ fún àtúnkọ́, àwọn onílé tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìjọba sì ní 30 ọjọ́ péré láti mú ẹ̀rí wá pé àwọn ni ó nilé. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ó sá lọ sí Lẹ́bánónì tàbí Jámánì, tí ìwé ilé rẹ̀ jóná pẹ̀lú ilé, tí ẹ̀rù sì ń bà á láti fojú kan ìjọba tí ó lé e, báwo ni yóò ṣe dé láàárín 30 ọjọ́? Gbogbo ayé pariwo, wọ́n sì fi kún un di ọdún kan kí ọdún náà tó parí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ní irú àdúgbò bíi Baba Amr ni wọ́n ti kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìní ìwé tí ó pé.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 2024, ìjọba Assad ṣubú. Kété ṣáájú rẹ̀ ni àwọn tí ó lé e gba Homs. Láti ìgbà náà ni àwọn ogunléndé ti ń padà sílé. Nígbà tí ó fi di oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún 2025, àjọ tí ń bójú tó àwọn ogunléndé sọ pé mílíọ̀nù kan ti padà wọ Síríà láti òkèèrè. Inú wa dùn, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run Ọba. Ṣùgbọ́n ìpànìyàn nítorí ẹ̀san ti ṣẹlẹ̀ ní Homs láti ìgbà náà pẹ̀lú, ẹ̀rù sì ń ba àdúgbò kan láti wọ àdúgbò kejì. Ìjọba yí padà, ẹnu ògiri kò tíì dí.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Marwa fi gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nísinsìnyí. Àwọn olówó yóò wá, wọn yóò mú àwòrán ilé gogoro wá. Síméńtì yóò dé. Bí wọ́n bá kọ́ Baba Amr kí Baba Amr nìkan máa gbé e, tí wọ́n kọ́ Zahra kí Zahra nìkan máa gbé e, ogun mìíràn ni wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé tuntun ni ojú yóò máa rí.

KÍ NI Ó KÀN WÁ?

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, tírà àti wàláà ni wọ́n fi tọ́ mi, n kò mọ bí a ti ń ya ilé. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìsìn wa kọ́ wa nípa aládùúgbò. Ìtàn Ànábì wa sọ fún wa pé nígbà tí ó dé Mẹ̀dínà, ó kọ́ mọ́ṣáláṣí, ó so àwọn àlejò àti àwọn onílé pọ̀ ní ọmọ ìyá, ó sì ya ilẹ̀ ọjà sọ́tọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí níbi tí a kò ti ní gba owó òde lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé ìjọsìn, ìbátan, ọjà: mẹ́ta yìí ni ó fi tún ìlú ṣe. Ohun tí ayàwòrán-ilé yìí rí nínú àlàpà Homs kò jìnnà sí i.

Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, Ọlọ́run ti kẹ́ wa ní ọ̀nà kan. Nínú agbo-ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá. Àwa a máa rò pé ìwà rere wa nìkan ni ó fà á. Ìwà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n agbo-ilé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àkọ́dì ni ó kọ́ wa. Lónìí, ẹni tí ó bá rí owó a kúrò nínú agbo-ilé, a lọ kọ́ ilé sí ibi tí odi rẹ̀ ga ju orí ènìyàn lọ, a sì ti géètì. Ọmọ rẹ̀ kò mọ orúkọ onílé kejì. Olè ni a ní a ń sá fún, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé odi tí kò jẹ́ kí olè wọlé kò jẹ́ kí aládùúgbò wọlé pẹ̀lú.

Nítorí náà, ẹ̀yin jámáà tí ẹ ń kó owó jọ láti kọ́ mọ́ṣáláṣí, kí ẹ tó fi gbogbo owó ra máàbù àti gíláàsì, ẹ rántí láti gbé ìjókòó sí abẹ́ igi níta, kí ẹ gbé ẹ̀rọ omi sí ibi tí ará àdúgbò gbogbo, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, yóò ti máa pọn ọ́n. Bí ilẹ̀ bá gbà á, ẹ kọ́ ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ sí i bí wàkáfù, tí owó rẹ̀ yóò máa tọ́jú mọ́ṣáláṣí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlú Ìsìláàmù àtijọ́ ṣe fi ìsìn àti òwò so ènìyàn pọ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, bí ìjọba bá fẹ́ tún ọjà yín kọ́, ẹ má ta kò ó nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Ẹ béèrè kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nílẹ̀ sínú ìwé kí katapílà tó dé, kí wọ́n sọ iye tí ṣọ́ọ̀bù tuntun yóò jẹ́, kí wọ́n sì má ṣe tú àwọn tí ó ti jọ ń tajà ká. Ẹ tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti rìsíìtì yín, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì. Ohun tí ó fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ ará Homs lẹ́yìn tí àgbá ti dákẹ́ ni àìsí ìwé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kíyè sí i pé obìnrin ni Ọlọ́run fi ọgbọ́n yìí fún. Bí ọmọbìnrin rẹ bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà, má ṣe sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ti kàwé, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin awọnlẹ̀, ẹ̀yin ayàwòrán-ilé, n kò sọ pé kí ẹ má rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ìlú tí ó bí yín ní kọ̀rọ̀ tí ojú àlejò kò lè rí. Ẹni tí ó mọ ibi tí ìyá àgbà máa ń jókòó sí ta ẹ̀kọ, òun nìkan ni yóò rántí láti fi ibẹ̀ sílẹ̀ nínú àwòrán.

Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú fún àwọn ará Homs ní ilé tí aládùúgbò yóò máa wọ̀. Kí Ó dí ẹnu ògiri wọn, kí Ó sì ṣọ́ ògiri tiwa kí ó má baà lanu. Àmín.